Ọwọ́ Aláró Nínú Ìbọ̀wọ́ Funfun

Òwe kan wà tí àwọn obìnrin Èbúté Mẹ́tta máa ń pa bí wọ́n bá rí ẹni tó fẹ́ fi ọ̀ṣọ́ bo orírun ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Wọ́n á wo onítọ̀hún látòkè délẹ̀, wọ́n á pòṣé, wọ́n á ní: “Ìbọ̀wọ́ tó lóun ó bo ọwọ́ aláró, òun náà á di aláró.”

Ẹni tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ á kàn máa wò ni. Kí ló pa ìbọ̀wọ́ pọ̀ mọ́ aró? Ìbọ̀wọ́ jẹ́ ohun ọ̀ṣọ́ àwọn léédì, funfun báláú, wọ́n ń wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Aró ní tirẹ̀, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbé, níbi tí ewé ẹ̀lú àti omi eérú ti ń rà pọ̀ nínú ìkòkò, tó ń rùn, tó ń yọ fóòmù. Níbo ni àwọn méjèèjì ti wá pàdé? Àwọn kan tilẹ̀ rò pé èébú ni òwe náà, pé wọ́n fi ń bú àwọn aláró ni. Irọ́ ni o. Ẹni tó kọ́kọ́ pa á, orí rẹ̀ wà lókè nígbà tó ń pa á. Ẹ jókòó dáadáa kí n sọ ọ́ fún yín. Ìtàn ìfẹ́ ni, ẹni tí ìfẹ́ kò bá sì tíì dùn rí, kó yáa lọ pọnmi kó tó padà wá.

Láyé ìgbà tí Ọbabìnrin Fitóríà wà lórí ìtẹ́ nílùú òyìnbó, tí kò tíì sí afárá láàárín Èkó àti Èbúté Mẹ́tta, tó jẹ́ ọkọ̀ onígi gbọọrọ tí wọ́n ń fi ọ̀pá tì ni wọ́n fi ń sọdá ọ̀sà, ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀, aláró ni pẹ̀lú. Ìyá Aláró ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Bàbá Àwẹ̀ró ti kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rá, ìkòkò aró ni ìyá yìí sì fi tọ́ ọmọ, òun ló fi rán an lọ sílé ìwé àwọn míṣọ́ọ̀nù. Bí Àwẹ̀ró bá ti ilé ìwé dé, á bọ́ aṣọ sílẹ̀, á ti ọwọ́ bọ ìkòkò. Kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ìgbà tí aṣọ bá ń jáde nínú aró. Bó bá ṣe ń jáde, àwọ̀ ewé ló máa ní. Atẹ́gùn á fẹ́ sí i báyìí, àwọ̀ ewé á yí padà lójú rẹ, á di búlúù, á tún dúdú sí i, àfi bí ìgbà tí ojú ọ̀run bá ń ṣú. Àwẹ̀ró á máa rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ á ní, “O ti rí i lánàá.” Àwẹ̀ró á ní, “Tòní ò rí bíi tàná, Màámi.”

Nítorí náà, ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ lásán. Ó dúdú láti orí èékánná dé ọrùn ọwọ́, dúdú tó ń dán, bí ìyẹ́ ẹyẹ.

Lọ́jọ́ tí ìfẹ́ dé, atẹ́gùn ló ṣe alárenà. Ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé kan sọdá wá láti Olówógbowó ní Èkó, ọmọ Sàró ni, Teófílù Tọ́nà ni wọ́n ń pè é. Ó wọ kóòtù, ó dé fìlà koríko funfun tí wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́. Ibi tó ti ń gba ẹ̀yìn ilé Ìyá Aláró kọjá, atẹ́gùn ọ̀sà gba fìlà lórí rẹ̀, ó yí i bìrí, ó sì sọ ọ́ sínú ìkòkò aró, gbàmù! Àwẹ̀ró ti ọwọ́ bọ ìkòkò, ó yọ fìlà jáde. Àwọ̀ ewé ni. Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń di búlúù.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” Àwẹ̀ró wí. “Kò lè funfun mọ́.”

Teófílù gba fìlà tó ń kán tótótó, ó sì gbé e dé orí bẹ́ẹ̀. Aró ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀ méjèèjì. Ó ní, “Ta ló fẹ́ kó funfun?”

Háà! Ẹ̀yin ará, ọkàn Àwẹ̀ró já bọ́ síbẹ̀, kò sì rí i gbé mọ́. Láti ọjọ́ náà ni Teófílù ti sọ ọ̀sà di ọ̀nà oko. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ń sọdá, gbogbo ìgbà ló ń ní àwáwí. Ó di Teó, Àwẹ̀ró sì di “ìfẹ́ mi”.

Ṣùgbọ́n Teó ní ìyá. Opó ni Màmá Tọ́nà, obìnrin gíga tó máa ń wọ sáténì dúdú, tó ń mú agbòòrùn dání, tó sì jẹ́ pé bó bá ń sùn nìkan ló ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí Teó mú Àwẹ̀ró wá fi hàn án ní pálọ̀, ọwọ́ ni Màmá kọ́kọ́ wò.

“Kí ló wà lọ́wọ́ ọmọ yìí? Àrùn ni?”

“Aró ni, mà,” Àwẹ̀ró dáhùn.

“Ṣé ó ń ṣí?”

“Bí èèyàn bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, á ṣí, mà.”

“Ó dáa. O ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.”

Ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Bí àwọn ará Olówógbowó ìgbà náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Obìnrin tí wọ́n bá fi òrùka fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò gbọdọ̀ ṣòwò, kò sì gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ọwọ́. Ọkọ ni yóò máa bọ́ ọ, òun á máa jókòó sí pálọ̀ bí òdòdó inú ife. Bó bá na ọwọ́ sí iṣẹ́, wọ́n á ní ó ń dójú ti ọkọ. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ, ó mi orí. Kí ni kò ní gbà nítorí Teó? Ẹni tí ìfẹ́ bá ń pa, ṣé ó ń wo ẹ̀gún lẹ́sẹ̀?

Màmá Tọ́nà mú un sọ́dọ̀ kó lè kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣe léédì kí ọjọ́ ìgbéyàwó tó pé. Ẹ̀kọ́ dé! Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gbé ife tíì kí ìka kékeré nà sókè. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ kọ́là kó dúró gbọin bíi pákó. Wọ́n kọ́ ọ láti jókòó kí ẹ̀yìn má kan àga. Èyí tó burú jù ni kọ́sẹ́ẹ̀tì, aṣọ onírin tí wọ́n fi ń fún ikùn. Màmá á fi orúnkún ti Àwẹ̀ró lẹ́yìn, á fa okùn rẹ̀ bí ẹni ń fa màlúù.

“Fa inú!”

“Mo ti fà á, mà.”

“Fà á sí i!”

“Inú ti tán, mà. Ẹ̀yìn ló kù.”

Ó ṣe gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló fẹ́ fi ojú Màmá rí màbo. Wọ́n fi òróǹbó wẹ́wẹ́ pa á, wọ́n fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú bó o, títí tí ara fi ń ta á. Nígbẹ̀yìn, Màmá mú ìbọ̀wọ́ owú kan wá, ó fi òrí àti omi òróǹbó kùn ún nínú.

“Wọ èyí. Má bọ́ ọ lójú oorun, má bọ́ ọ lójú ayé. Ìgbà tí o bá ń jẹun nìkan ni kí n rí ìka rẹ.”

Díẹ̀díẹ̀, aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ó di búlúù, ó di eérú, ó wá ku orí èékánná. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró bọ́ ìbọ̀wọ́ níwájú dígí, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó wò wọ́n. Ó ṣe é bí ẹni pé ọwọ́ àlejò ló gbé wá sílé. Ṣùgbọ́n Teó wọlé, ó fẹnu ko orí ìka rẹ̀, ojú Àwẹ̀ró sì tún fọ́ pátápátá. Ìfẹ́ náà nìyẹn!

Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó wọlé dé. Ìyá Aláró gbé aṣọ dì, ó wọ ọkọ̀, ó sọdá wá kí àna rẹ̀. Aṣọ tó gbé dání kì í ṣe aṣọ ọjà. Àdìrẹ tó fúnra rẹ̀ fi ìko di ní hóró hóró ni, tó ti ń rẹ sínú aró tó ń yọ láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, tó fi dúdú mìnìjọ̀, tí àwòrán inú rẹ̀ sì ń tàn bí ìràwọ̀. Ti ìyàwó ni.

Àwẹ̀ró wà lókè, ó ń gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí pálọ̀. Kò bá wọn ní pálọ̀. Ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ibẹ̀ ló bá ìyá rẹ̀, lórí àpótí tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ fi ń jókòó bẹ́ ẹja. Igbá omi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ife tíì tí wọ́n ya òdòdó sí lára sì tò lọ bẹẹrẹ nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló nù wọ́n láàárọ̀.

Màmá Tọ́nà dúró, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, ìyẹn ló fi ń gúnni. “Ìyá Aláró, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Àwọn èèyàn pàtàkì ló ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin náà ẹ wo ọwọ́ yín. Ṣé ẹ máa fi jókòó níwájú ni? Misita Hẹ́bàtì ọ̀rẹ́ ilé wa ló máa dúró bíi bàbá, òun ló máa fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Ẹ̀yin, bẹ́ ẹ bá fẹ́ wá, ẹ dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kẹ́ ẹ kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn.”

Ìyá Aláró wo inú igbá omi. Ó ní, “Kò burú, mà. Ọ̀rọ̀ ayọ̀ kò yẹ kó dìjà. Ibi tí ọmọ mi bá ti máa rójú, ibẹ̀ ló dára.” Ó gbé igbá kalẹ̀, ó dìde.

Bó ṣe dìde báyìí, Màmá Tọ́nà ké sí ọmọ ọ̀dọ̀: “Ẹ fi omi nu àpótí yẹn.”

Nu àpótí ẹja! Nítorí ìyá òun jókòó lé e! Ohun kan já ‘páú’ nínú Àwẹ̀ró, ó dà bí okùn kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ó sin ìyá rẹ̀ dé etí ọ̀sà. Ìyá náà ló ń pàrọwà fún un: “Àwẹ̀ró ọmọ mi, má fajú ro. Èmi á dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ojú mi dára, mo máa rí ọ láti ibẹ̀.”

Nígbà tí Teó ti ibi iṣẹ́ dé, Àwẹ̀ró ti dúró dè é lábẹ́ igi iwájú ilé.

“Teó, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ní ìyá mi ò gbọdọ̀ jókòó níwájú?”

Teó tẹ orí ba. “Màmá sọ ọ́ fún mi.”

“Kí lo wá sọ?”

“Ìfẹ́ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Jẹ́ ká fara dà á. Bá a bá ti ṣègbéyàwó tán…”

“Bá a bá ti ṣe é tán, ọjọ́ wo ni ìyá mi máa wọ pálọ̀?”

Teó ń yí rìbọ́ọ̀nù fìlà tuntun rẹ̀ láàárín ìka, fìlà funfun ni. Ti búlúù ọjọ́sí, Màmá ti sọ ọ́ nù tipẹ́. Àwẹ̀ró wo fìlà náà, omi fẹ́ wá sójú rẹ̀, ó sì dá a padà. Ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé bó bá wúkọ́, àyà òun ló ń dùn. Ṣùgbọ́n ó wá rí i kedere lọ́jọ́ náà pé ẹni méjì ni wọ́n ń fẹ́ kó pàdánù kó tó lè ní ẹnì kan. Wọ́n ń fẹ́ kó pàdánù ìyá rẹ̀, wọ́n sì ń fẹ́ kó pàdánù Àwẹ̀ró.

Nígbà tó ku ọ̀la, ó kúnlẹ̀ níwájú Màmá Tọ́nà, ó ní òun fẹ́ sọdá lọ gba àdúrà lẹ́nu ìyá òun, bí ìyàwó gbogbo ṣe máa ń ṣe. Ta ló máa ní kí ìyàwó má gba ìre ìyá? Màmá ní kó lọ. “Má ṣe bọ́ ìbọ̀wọ́ yẹn o!”

“Ẹ ó rí i lọ́wọ́ mi bí mo bá dé, mà.”

Oòrùn ọ̀sán ń mú nígbà tó dé ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀. Ìkòkò ńlá kan wà tí aró rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n, fóòmù orí rẹ̀ ń dán bí ojú idẹ. Ìyá Aláró bẹ̀rẹ̀ sí í súre, “Wàá bímọ, wàá kọ́lé, wàá…” Kò tíì parí rẹ̀ tí Àwẹ̀ró fi bọ́ ìbọ̀wọ́ owú sílẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó sì ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú aró títí dé ìgúnwọ́.

“Àwẹ̀ró! Orí rẹ ti yí? Ọ̀la ni ìgbéyàwó!”

“Nítorí ọ̀la ni mo ṣe ń ṣe é, Màámi.”

Ó yọ ọwọ́ jáde. Àwọ̀ ewé ni. Ó nà án sí atẹ́gùn ọ̀sà, wọ́n jọ ń wò ó bó ṣe ń di búlúù. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ó yọ ọ́. Ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ padà dé bí ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

Ìyá Aláró fi ọwọ́ lé ẹnu. Ẹkún àti ẹ̀rín ń du ojú rẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ó ní, “Aró tuntun ni o. Bí òógùn bá kàn án, á ṣàn. Kò sí ohun tó máa gbà á dúró.”

“Ẹ jẹ́ kó ṣàn. Màámi, lọ́la, bí mo bá pè yín, ẹ má ṣe ní ẹ ò gbọ́.”

Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbẹ dáadáa, ó tún wọ ìbọ̀wọ́ owú rẹ̀, ó fa apá aṣọ sílẹ̀, ó sọdá padà. Màmá Tọ́nà rí ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mi orí pé ọmọ yìí ti gbọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí wọ́n gbé ìbọ̀wọ́ ìyàwó jáde nínú páálí, awọ funfun rírọ̀ tó gùn dé ìgúnwọ́, Àwẹ̀ró ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun wọ̀ ọ́ nínú yàrá. Màmá ń to ìdì òdòdó lọ́wọ́, kò ráyè wo ẹ̀yìn.

Ṣé ẹ wá rí àṣìṣe Màmá Tọ́nà? Gbogbo ọgbọ́n tó dá, orí ìbọ̀wọ́ ló kọ́ ọ lé. Ó gbàgbé pé òrùka kì í gun orí ìbọ̀wọ́. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ràn jù láyé, níwájú pẹpẹ, dandan ni kí ìyàwó bọ́ ọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́. Àwọn ọkùnrin wọ kóòtù dúdú oníìrù, àwọn obìnrin dé bọ́nẹ́ẹ̀tì tí ìyẹ́ ẹyẹ wà lórí rẹ̀. Ooru mú, abẹ̀bẹ̀ ń lọ fìrìfìrì. Misita Hẹ́bàtì fa Àwẹ̀ró wọlé, ṣéènì aago ń fì lórí ikùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Àwẹ̀ró kò bá a sọ̀rọ̀ rí ju “ẹ káàárọ̀, sà” lọ. Bí wọ́n ṣe ń wọlé, Àwẹ̀ró tajú kán wo ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn aláró ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì, wọ́n dúró ti ògiri, wọ́n kó ọwọ́ sábẹ́ ìborùn bí ẹni tó jalè.

Wọ́n dé iwájú. Teó yíjú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ah, ọkùnrin yìí rẹwà! Òógùn ń bọ́ nínú ìbọ̀wọ́ Àwẹ̀ró. Ó wo ìsàlẹ̀. Orí ìka àtàǹpàkò ọ̀tún ti ní àmì kan, kékeré bí orí abẹ́rẹ́. Búlúù ni.

Wọ́n kọ orin. Àmì náà di bíi hóró ẹ̀wà. Wọ́n gbàdúrà. Gbogbo orí ìka ti ṣú. Màmá Tọ́nà tó wà ní ìjókòó iwájú gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sókè, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

Àlùfáà béèrè, “Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?”

Misita Hẹ́bàtì wúkọ́, ó sún síwájú. “Èmi…”

“Ẹ dákun, sà,” Àwẹ̀ró wí. “Ẹ ò bí mi, ẹ ò tọ́ mi. Ẹ má fi ohun tí kì í ṣe tiyín tọrẹ.”

Abẹ̀bẹ̀ dúró. Àwẹ̀ró yíjú sí ẹ̀yìn, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ ké, ohùn tó fi ń pe ìyá rẹ̀ láti etí ọ̀sà nígbà tó wà lọ́mọdé:

“Màámi o! Wọ́n ń béèrè ẹni tó ni mí!”

Ìyá Aláró kọ́kọ́ dúró. Àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tì í síwájú: “Wọ́n ń pè ọ́, lọ!” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ láàárín àwọn bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó dé àárín, ó yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ ìborùn, ó jẹ́ kó máa fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwẹ̀ró náà ń bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó fa ọ̀tún, ó fa òsì, ó jẹ́ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì yọ jáde, dúdú, tútù, ó ń dán. “Yéè!” làwọn kan ké.

Màmá Tọ́nà ti dìde. Ó gbàgbé jẹ́jẹ́, ó gbàgbé èèyàn pàtàkì. Ó he ìbọ̀wọ́ nílẹ̀, ó gbá ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, ó ń gbìyànjú láti tún un kì bọ̀ ọ́.

“Wọ̀ ọ́ padà! Ọmọ yìí, wọ̀ ọ́ padà! Ṣé o fẹ́ pa mí?”

“Mi ò wọ̀ ọ́ mọ́, mà.”

Bí Màmá ṣe ń tì í ni Àwẹ̀ró ń fà á. Awọ tó ti rin gbingbin ti di ohun yíyọ̀, kò wọ̀. Nígbà tí agara dá Màmá, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bojú rẹ́rìn-ín. Ìbọ̀wọ́ funfun tirẹ̀ ti di búlúù látòkè délẹ̀. Ìlà aró gbọọrọ kan sì ti gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ilà tí wọ́n kọ fún ọmọ Ẹ̀gbá.

Àwẹ̀ró gba ìbọ̀wọ́ ìyàwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí Teó. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yìí bá yí ẹ̀yìn padà, ìgbésẹ̀ òun kọ̀ọ̀kan dé etí ọ̀sà máa dà bí ẹrù iyọ̀ nínú òjò. Síbẹ̀ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó na ọwọ́ ọ̀tún, ó na ìbọ̀wọ́ ní ọwọ́ òsì.

“Teó, bó bá jẹ́ ọwọ́ yìí lo fẹ́, òun nìyí. Iṣẹ́ ló ń ṣe, kò sì ní fi iṣẹ́ sílẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ nìyẹn, pálọ̀ ló máa jókòó sí. Bó bá jẹ́ ìbọ̀wọ́ lo fẹ́, òun náà rèé. Gbé e níyàwó kí n máa lọ sílé.”

Teó wo ìyá rẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró. Àwẹ̀ró ń gbọ́ bí omi aró ṣe ń kán láti ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, tó… tó… tó. Ọkùnrin náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ìbọ̀wọ́ tirẹ̀ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó kì wọ́n sápò. Ó gbá ọwọ́ Àwẹ̀ró mú, ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn títí tí aró fi yọ láàárín ìka àwọn méjèèjì.

“Ó ti pẹ́ tí o ti pa orí mi láró,” ó wí. “Mo gbà kí wọ́n ju fìlà yẹn nù, ojú ń tì mí láti ọjọ́ náà. Àlùfáà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún ìbéèrè yẹn béèrè.”

Àlùfáà yìí jẹ́ àgbàlagbà tó mọ ayé. Ó fi ìwé bo ẹnu kí wọ́n má bàa rí ẹ̀rín rẹ̀. Ó ní, “Ta ló fi obìnrin yìí fún ọkùnrin yìí?”

“Èmi ni,” Ìyá Aláró dáhùn. “Èmi ìyá rẹ̀, aláró.” Ó gbé ọwọ́ ọmọ, ó fi lé ọkọ lọ́wọ́. Òrùka wọ ìka dúdú náà, wúrà rẹ̀ sì tàn níbẹ̀ ju bó ṣe lè tàn lórí funfun lọ.

Nígbà tí wọ́n ń kọ orin ìkẹyìn, Màmá Tọ́nà ṣì dúró láàárín ọ̀nà. Kò mọ ibi tó máa kó ọwọ́ sí. Ó wá fẹ́ kó o sábẹ́ ṣáálì rẹ̀. Ìyá Aláró ti jókòó sí ìjókòó iwájú, ibi tí kò sẹ́ni tó lè lé e kúrò mọ́. Ó sún díẹ̀, ó fi ọwọ́ lu àyè ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

“Ìyá ọkọ ọmọ mi, ẹ má kó ọwọ́ pamọ́, ẹ wá jókòó,” ó wí, gbogbo ìjókòó iwájú sì gbọ́ ọ. “Kì í ṣe àrùn. Ìbọ̀wọ́ tó lóun ó bo ọwọ́ aláró, òun náà á di aláró. Ẹ ti di ọ̀kan nínú wa. Bẹ́ ẹ bá dìde níbẹ̀, mi ò ní jẹ́ kí wọ́n nu àga.”

Ẹ̀rín bú jáde títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tẹ dùùrù, tó fi ṣi orin tẹ̀. Màmá Tọ́nà wo àwọn ọwọ́ búlúù tó yí i ká, ó sì jókòó.

Kò ju oṣù díẹ̀ lọ tí ìkòkò aró fi dé ẹ̀yìnkùlé ilé Tọ́nà ní Olówógbowó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Bí Ìyá Aláró bá sọdá wá, ife olódòdó ló fi ń mu tíì. Àwẹ̀ró pa fìlà funfun Teó láró, Teó sì dé e títí irun rẹ̀ fi funfun.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ràn yín, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ bo ibi tí ẹ ti wá, kí ẹ kó ìyá yín pamọ́ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, ẹ má bá a jà. Ẹ yọ ọwọ́ yín síta, ẹ nà án sí i, kí ó yan èyí tó fẹ́. Ẹ sì sọ fún un bí àwọn obìnrin Èbúté Mẹ́tta ṣe ń sọ ọ́, pé: ìbọ̀wọ́ tó lóun ó bo ọwọ́ aláró, òun náà á di aláró.